Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa bí ìpinnu ènìyàn ṣe ń tún ayé rẹ̀ ṣe tàbí kó bà á jẹ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ ọtí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ búburú àti ọ̀rọ̀ yíyan aya tàbí ọkọ. Ṣùgbọ́n à ń gbọ́ àwọn ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ìpinnu kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ìpinnu ni. Òun ni kí ènìyàn máa kó dúkìá jọ, kó máa bímọ, kó má sì sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n pín in lẹ́yìn òun. Bí a bá bi í, yóò ní òun ṣì ń rò ó. Ẹni tó ń rò ó títí ikú fi dé ti yàn. Ó ti yàn pé kí ẹlòmíràn bá òun yàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kàdúná

Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1956. Ó wọ mọ́tò dé Ìlọrin, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Kàdúná, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti ṣe. Aṣọ ló ń tà. Ó kọ́kọ́ ń gbé e kiri lórí kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ó gba ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1997, ó ti ní ilé oníyàrá mẹ́jọ ní Kàdúná, ilé kan tí kò tíì parí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti owó díẹ̀ ní báńkì. Ìyàwó méjì ló fẹ́, ìdána ló sì ṣe lórí àwọn méjèèjì, kò bá ẹnì kankan lọ sí kóòtù. Ìyá mi bí ọmọ márùn-ún. Ìyá wa kékeré bí méjì. Èmi ni àkọ́bí.

Ní ọdún 1996, ara Bàbá kò yá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí sí pálọ̀, ó ní, "Lọ mú bírò àti ìwé wá. Mo fẹ́ kí o bá mi kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ilé yìí." Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, tíṣà ni mí, mo mọ ohun tó ń fẹ́ kọ. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má pe ikú. Ẹ ó pẹ́ láyé, ẹ ó jẹun ọmọ." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa náà." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ara rẹ̀ yá, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú sáàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ kẹta.

Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi hàn sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bóyá ìfẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu ni mo ṣe, mo sì fi ṣe é fún ènìyàn mẹ́sàn-án láìbéèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó tẹ̀lé e

Báńkì ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí orúkọ mi ni Bàbá kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn gẹ́gẹ́ bí "next of kin". Mo rò pé èyí já sí pé èmi ni wọn yóò kó owó náà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá kọ síbẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ajogún. Báńkì ní kí n lọ gba ìwé ilé ẹjọ́ wá. Bí ẹni tó kú bá kọ ìwé ìhágún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga láti fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí kò bá kọ, ẹbí yóò fa àwọn kan kalẹ̀ tí ilé ẹjọ́ yóò fún ní àṣẹ láti ṣàkóso ogún náà, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní "letter of administration". Títí wọn yóò fi rí i gbà, owó náà wà ní títì.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. A pe ìpàdé ẹbí láti yan àwọn tí yóò fọwọ́ sí i. Àwọn èèyàn ìyá wa kékeré ní kí iye ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá kan náà wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Àwa ní a pọ̀ jù wọ́n lọ. Kí a tó parí ìyẹn, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe pín ogún ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Àkọ́kọ́ ni ìdí igi: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, a ó pín ogún sí iye ìdí, àwọn ọmọ inú ìdí kọ̀ọ̀kan yóò wá pín tiwọn. Èkejì ni orí ò jorí: a ó ka orí àwọn ọmọ, olúkúlùkù yóò sì gba bákan náà. Nínú méjèèjì, ọmọbìnrin ní ìpín bí ọmọkùnrin. Ẹ wá fi ṣírò ilé wa. Bí a bá fi ìdí igi pín yàrá mẹ́jọ náà, àwọn ọmọ ìyá wa kékeré yóò ní yàrá méjì-méjì, àwa márùn-ún yóò sì máa pín yàrá mẹ́rin. Bí a bá fi orí ò jorí pín in, ìdá kan nínú méje ni ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò ní. Ẹ lè mọ èyí tí àwa ń pè ní àṣà àtèyí tí àwọn ń pè ní àṣà. Àṣà ni méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú wa, síbẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wa.

Lọ́yà wa ló ṣàlàyé fún wa pé irú ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ọkùnrin ará Èkó kan, Dáwódù, kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà jà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì jà dé iwájú Privy Council ní London, tó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún wa nígbà náà. Ní ọdún 1962, wọ́n dájọ́ pé ìdí igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé olórí ẹbí lè lo orí ò jorí bí ìjà bá dé tó sì rí i pé ìyẹn ló dára jù. Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó láti Èkó dé London, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ì bá ti sọ lẹ́nu tirẹ̀.

Ìyá mi àti ìyá wa kékeré ńkọ́? Àwọn tó bá Bàbá kó ohun gbogbo jọ, tí wọ́n jọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún? Nínú àṣà wa, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, abẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé. Ní ọdún 1997 náà tí Bàbá kú, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Akínnúbí pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àṣẹ ṣíṣe àkóso ogún ọkọ rẹ̀ tó kú láìkọ ìwé ìhágún. Ìgbà tí ìyá mi gbọ́ èyí, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ṣé bí ẹrù ni mo ṣe wà níbẹ̀?"

Ẹjọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ní 1998, a kò yanjú rẹ̀ títí di 2006. Ní February ọdún 2000, nígbà rògbòdìyàn Kàdúná, iná jó apá kan òrùlé ilé náà. Kò sẹ́ni tó ní àṣẹ láti tún un ṣe, kò sẹ́ni tó lè tà á. Òjò ló parí iṣẹ́ tí iná bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí a kò lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀. Àwọn tó jẹ Bàbá ní gbèsè dákẹ́ lé e, nítorí orí Bàbá ni ìwé gbèsè wà. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ti rí àyè sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún tí Bàbá kú. Owó tí ì bá fi wọlé wà ní báńkì, a mọ iye rẹ̀, a kò lè fọwọ́ kàn án. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ọlọ́run ṣe é lóore nídìí rẹ̀, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yàn kọ́ nìyẹn. Èmi àti àbúrò wa ọkùnrin lọ́dọ̀ ìyá wa kékeré kò sì kí ara wa fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n sẹ́yìn rí ni.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀

Èmi kì í ṣe lọ́yà, mo sì ń gba yín níyànjú kí ẹ lọ bá lọ́yà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí òfin ìpínlẹ̀ kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nìyí nínú ohun tí ojú mi rí tí etí mi sì gbọ́.

Ìkíní, ìwé ìhágún gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n wà níbẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé náà sí i létí ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á fún un.

Ìkejì, ẹ má fi ẹni tí ẹ fún ní nǹkan nínú ìwé náà ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ má sì fi ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣe é. Bó bá fọwọ́ sí i, ohun tí ẹ fún un lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkẹta, ìwé náà kò ní agbára kankan nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ ṣì lè ta ilé yín, ẹ lè yí ọkàn padà, ẹ lè kọ òmíràn. Èyí tí ẹ kọ gbẹ̀yìn ni wọn yóò tẹ̀ lé. Bí ènìyàn bá kọ ọ́ tán, tó wá lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn náà, ó níláti tún un kọ, nítorí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń pa ìwé àtẹ̀yìnwá rẹ́.

Ìkẹrin, ohun tí ó jẹ́ tìrẹ nìkan lo lè fi há ogún. Ilé ẹbí ní ìlú wa, tí baba ńlá fi sílẹ̀ fún gbogbo wa, kì í ṣe ti ẹnì kan láti fún ọmọ rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù àti ẹni tó ṣe ìdána nìkan kò dọ́gba lójú òfin bí wọ́n bá kú láìkọ ìwé. Ẹ béèrè èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí aya yín wà.

Ìkẹfà, ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ̀sìn ti pín ogún fúnra rẹ̀, àti pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ènìyàn lè fi sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Nínú ẹjọ́ kan tó ti Àríwá wá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní ọdún 1971 pé Mùsùlùmí lè kọ ìwé ìhágún lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1837. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá ti ṣe òfin tiwọn lẹ́yìn ìyẹn láti yọ Mùsùlùmí kúrò nínú rẹ̀. Ẹ bi áfáà yín, ẹ bi lọ́yà pẹ̀lú. Bí ẹ̀sìn bá tilẹ̀ ti pín in, ó ṣì yẹ kí ẹ kọ ohun tí ẹ ní àti gbèsè tí ẹ jẹ sílẹ̀.

Ìbẹ̀rù tó wà nínú wa

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ lọ́kàn báyìí: "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Àwọn baba wa kò kọ ìwé." Òótọ́ ni, wọn kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́. Àgbà tó rí i pé ọjọ́ ti ń lọ a máa pe àwọn ará ilé jọ sórí ibùsùn rẹ̀, a máa sọ ti oko tibí fún lágbájá, ti ilẹ̀ tọ̀hún fún tàmẹ̀dù, àwọn tí kò ní ìpín nínú rẹ̀ a sì máa gbọ́. Ìyẹn ni ìhágún tiwọn. Wọ́n lè ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí inú agbo ilé kan náà ni gbogbo wọn wà. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ńkọ́? Ọmọ kan wà ní Kàdúná, ọ̀kan wà ní Port Harcourt, ọ̀kan wà ní London, olórí ẹbí wà nílé, kò mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ta ni yóò gbọ́ ohùn ẹni tó ń kú lọ? Bírò ló kù tí yóò bá wa pe àwọn ará ilé jọ.

Ní ti ikú, Yorùbá ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Babaláwo tó ń dÍfá ọrọọrún kò pe ibi, ó ń múra ni. Bàbá mi kò kọ ìwé kankan, ikú sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìbéèrè àbúrò mi

Ní ọdún 2006, àwọn àgbà ìlú wa ní Kàdúná bá wa dá sí i. A ta ohun tó kù nínú ilé náà, a sì fi orí ò jorí pín owó rẹ̀. Nígbà tí a san owó lọ́yà tán, ohun tó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan kò tó owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó ní ìgboyà láti sọ fún àbúrò mi obìnrin nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ bírò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó dákẹ́ pẹ́. Mo retí kó sunkún tàbí kó bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti kọ tiyín?"

N kò tíì kọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wa rí, n kò tíì kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ bá lọ́yà. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ lọ́yà, ọ̀kan wà ní ilé ẹjọ́, ìyàwó mi mọ ibi méjèèjì. Mo pe àwọn ọmọ jọ, mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn gba ohun tó kéré sí ti àwọn yòókù, nítorí mo ti ta ilẹ̀ kan láti fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Inú bí i, kò pè mí fún oṣù méjì. Nígbà tó pè, a sọ ọ́, ó bi mí léèrè, mo dá a lóhùn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ìbínú tí mo wà níbẹ̀ láti dáhùn sàn ju ìbínú tí yóò máa wá mi kiri nínú sàréè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹ tó tú aṣọ ẹgbẹ́, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ní, ibi tí ìwé wọn wà, ẹni tó jẹ yín àti ẹni tí ẹ jẹ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní kí ẹ mú bírò wá, ẹ má sọ pé kí wọ́n má pe ikú. Ẹ lọ mú un wá.

Ọlọ́run yóò fún wa ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa kí ara wọn lẹ́yìn wa. Àṣẹ.